Bí Ewé Akíntọ́lá Ṣe Dé Pápá Ilẹ̀ Òkun

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kàbà lọ sí Ìsánlú lónìí, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ewé Akíntọ́lá ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìjùmú tàbí Yàgbà láìpẹ́ yìí lè rò pé ibẹ̀ ló ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Rárá o. Koríko ló ni ọ̀dàn wa: bẹẹrẹ, eruwà, eésún létí odò, pẹ̀lú igi òrí àti igi irú níbi gbogbo. Bẹẹrẹ ni àwọn bàbá wa fi ń bo ilé kí páànù tó dé.

Amẹ́ríkà ni ìbílẹ̀ ewé yìí, láti Florida títí dé àríwá Argentina. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Chromolaena odorata. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gbìn ín sínú ọgbà ewéko ní Calcutta. Ó jáde nínú ọgbà, ó sì tàn ká ilẹ̀ Éṣíà títí ó fi dé Sílónì, tí à ń pè ní Sri Lanka báyìí.

Iṣẹ́ igbó ọba ló gbé e dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní Enugu, wọ́n nílò igi tó tètè ń dàgbà, èyí tí wọ́n lè fi ti òrùlé ihò èédú. Ní nǹkan bí 1937, wọ́n kó irúgbìn igi melínà wá láti Sílónì, hóró ewé yìí sì bá a wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Hóró náà tín-ín-rín, ó ní irun funfun lórí bí òwú, afẹ́fẹ́ sì lè gbé e lọ jìnnà. Ó há mọ́ aṣọ, ó há mọ́ ẹrù, ó bá ọkọ̀ rìn.

Nígbà tó fi dé ìwọ̀ oòrùn, ìjà òṣèlú 1962, èyí tí Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, fi kọ̀ láti kúrò nípò, ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Akíntọ́lá takú. Apá Àríwá ni ìjọba ka àwa ará Ẹkùn Kàbà mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ewé àti orúkọ rẹ̀ jọ ré ààlà kọjá ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bó ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ koríko. Iná pápá kì í pa bẹẹrẹ. Òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, á tún hù. Akíntọ́lá náà kì í kú, ìdí rẹ̀ á tún yọ. Ṣùgbọ́n òun ga ju mítà 2 lọ, ó ń ṣíji bo ilẹ̀, koríko ọ̀dàn kò sì lè gbé níbi tí oòrùn kò dé. Màlúù pàápàá kì í fẹ́ jẹ ẹ́, koríko tó ṣẹ́ kù ni wọ́n máa ń dojú kọ. Tata á fara pa mọ́ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á kọjá sínú oko ẹ̀gẹ́.

Mi ò ní fi àǹfààní rẹ̀ pa mọ́. Bí àdá bá bu ènìyàn lọ́wọ́, omi ewé rẹ̀ ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àgbẹ̀ tí ẹ̀kan ti dá lóró tẹ́lẹ̀ sì mọ̀ pé òjìji rẹ̀ ń ṣẹ́gun ẹ̀kan. Jogbo olódòdó pupa rúsúrúsú tó wá láti Mẹ́síkò náà ń tẹ̀lé e bọ̀ létí títì. Ẹwà ni wọ́n torí rẹ̀ gbé ìyẹn wá.

Ní Ghana, láti 1991, wọ́n tú àfòpiná kékeré kan sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ewé Akíntọ́lá. Wọ́n ti dán an wò ní Nàìjíríà ṣáájú wọn, kò mú. Ọkọ́ àti ọwọ́ ló kù fún wa. Apá ìparí ọdún, bí ọ̀yẹ́ bá ń dé, ni ewé Akíntọ́lá ń tanná. Kí ẹni tó bá fẹ́ kí pápá rẹ̀ padà hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, tí hóró rẹ̀ kò sì tíì sí.