Àdúrà Kì í Mú Ọ̀daràn: Bí Ìtàn Amọ́kànsókè Onígbàgbọ́ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Orílẹ̀-Èdè Amẹ́ríkà

Ní àwọn ìlú kéékèèké ní Georgia, Alabama àti Mississippi, bí àìsàn tàbí ikú bá wọ ilé kan, oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Àwọn obìnrin ìjọ á gbé adìyẹ àti ìrẹsì tí wọ́n da wàràǹkàṣì bò, tí wọ́n yan nínú ààrò, wá nínú àwo gíláàsì tó nípọn. Wọ́n á lẹ téèpù mọ́ abẹ́ àwo, wọ́n á fi bírò kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, kó má baà sọnù. Ká wá ní bàbá àgbàlagbà kan tó ń dá gbé kú lójijì. Obìnrin kan nínú ìjọ búra pé ó ti lé lọ́dún kan tóun ti dé ilé náà kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń palẹ̀ ilé mọ́ ṣí fíríìjì, ó bá àwo kan tí wọ́n ti jẹ ìdajì oúnjẹ inú rẹ̀. Ó gbé e sókè láti da oúnjẹ náà nù. Orúkọ obìnrin yẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbọn ò dún, ẹ̀jẹ̀ ò sì ta sára ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí òǹkàwé tó máa pa ìwé dé níbẹ̀. Bí ìtàn amọ́kànsókè ti àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń múni nìyẹn. Òfin tó mú kó rí bẹ́ẹ̀, orí pẹpẹ ìtàwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtàwé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti ń ta irú ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ni ilé ìtàwé sì mọ̀ pé bí ìyá kan bá ra ìwé lọ́wọ́ òun, ó ṣeé ṣe kó gbé e fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọdún 14 lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ibùsùn ò sí níbẹ̀. Èèyàn lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni. Family Christian, tó ní ilé ìtàwé bíi 240, kógbá sílé ní 2017. LifeWay, tó jẹ́ ti Southern Baptist Convention, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìjọ onítẹ̀bọmi Gúúsù, kéde ní 2019 pé òun máa ti ilé ìtàwé òun 170 pa. Pẹpẹ lọ, òfin kù: ó wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé bíi Thomas Nelson ní Nashville, ó sì wà lọ́kàn àwọn òǹkàwé fúnra wọn.

Àwọn kan ń pe òfin yìí ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tí kò lè fi ọgbẹ́ han èèyàn ní láti wá ohun mìíràn tó máa dẹ́rù bani, ohun tó sì máa ń rí ni ìgbésí ayé ojoojúmọ́ tí nǹkan kékeré kan yí nínú rẹ̀: iná tó ń tàn ní gbọ̀ngàn ìjọ lóru Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú mọ̀ pé Ọjọ́rú ni ìpàdé àdúrà.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ọ̀daràn lọ. Georgia ní kọ́ńtì 159, ìyẹn ìpín tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ṣẹ́rífù tirẹ̀, ìyẹn ọ̀gá agbófinró tí àwọn ará àdúgbò ń dìbò yàn ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Kọ́ńtì Taliaferro wà lára wọn, èèyàn ibẹ̀ ò sì pé 2,000. Ṣẹ́rífù irú ibẹ̀ mọ gbogbo ẹni tó dìbò fún un, ó mọ ẹni tí kò dìbò fún un, ó sì lè jẹ́ díákónì nínú ìjọ kan náà pẹ̀lú ẹni tó yẹ kó mú. Ẹni tó ń sọ ohun tó pa òkú náà, ìbò ni wọ́n fi ń yàn án ní ọ̀pọ̀ kọ́ńtì Georgia, kò sì di dandan kó jẹ́ dókítà. Àwọn mìíràn nínú wọn ló ni ilé ìsìnkú. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó kọ̀wé pé “ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró” lè jẹ́ ẹni náà tó máa ta pósí. Òǹkọ̀wé kò nílò láti hùmọ̀ ẹgbẹ́ awo kankan. Àyè ti wà nínú ètò fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ á wá máa rìn. Nínú ìpàdé àdúrà alẹ́ Ọjọ́rú, ẹnì kan á dìde, á ní kí wọ́n rántí “ìdílé kan tí nǹkan ò lọ déédéé fún.” Kò dárúkọ. Kí mọ́tò tó kẹ́yìn tó kúrò ní ọgbà ìjọ, gbogbo èèyàn ti mọ ìdílé náà. Àwọn onítẹ̀bọmi Ogbómọ̀ṣọ́ á mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, nítorí ará Georgia ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Southern Baptist tó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1850, tó sì dé Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1855.

Ẹgbẹ́ tó rán an wá, ọdún 1845 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Augusta, nígbà tí wọ́n yapa kúrò lára àwọn onítẹ̀bọmi Àríwá lórí bóyá ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. Ìtàn yẹn ṣì wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Gúúsù: ìjọ aláwọ̀ funfun lápá kan, ìjọ aláwọ̀ dúdú lápá kejì, itẹ́ òkú méjì. Ìwé tó bá gbé ìtàn rẹ̀ síbẹ̀ tó sì ṣe bí ẹni pé kò rí itẹ́ òkú méjì yẹn ti purọ́ fún òǹkàwé.

Bí ó bá sì ń ṣe ẹnikẹ́ni bíi pé àsọdùn ni pé odindi ìlú lè pa àṣírí mọ́, kó wo Philadelphia ní Mississippi. Ní 21 Oṣù Kẹfà 1964, wọ́n pa James Chaney, Andrew Goodman àti Michael Schwerner, tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ti wá wo ìjọ Mount Zion tí wọ́n dáná sun. Igbákejì ṣẹ́rífù ló tì wọ́n mọ́lé kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ lóru. Ọjọ́ 44 ni wọ́n fi wá òkú wọn. Edgar Ray Killen, oníwàásù onítẹ̀bọmi tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó lọ́wọ́ sí i, jẹ́jọ́ ní 1967, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí wọ́n fi àwọn ará ìlú ṣe ò sì fẹnu kò: ẹnì kan nínú wọn ní òun ò lè dá oníwàásù lẹ́bi. Ní 21 Oṣù Kẹfà 2005, ọdún 41 géérégé lẹ́yìn ìpànìyàn náà, ni wọ́n tó dá a lẹ́bi. Ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn èèyàn ń kí ara wọn lọ́jà.

Àdúrà ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń bàjẹ́ sí. Òǹkàwé irú ìtàn yìí gbà pé Ọlọ́run wà, pé ó sì ń gbọ́. Bí obìnrin inú ìtàn bá kúnlẹ̀, tí Ọlọ́run sì fi ojú apànìyàn hàn án lójú àlá, ìtàn ti parí. Àdúrà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé tó dára kì í mú ọ̀daràn, ara ẹni tó ń gbàdúrà ló ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà bẹ Ọlọ́run fún àmì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dìde, ó fọ àwo tó wà nínú síǹkì, ó ka orúkọ abẹ́ rẹ̀, ó sì pinnu láti dá a padà fún ẹni tó ni ín, nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rù ti ń bà á láti ojú ìwé kìíní.

Ìjẹ́wọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí apànìyàn bá sọ ọ́ fún pásítọ̀ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, òfin Georgia ò ní jẹ́ kí ilé ẹjọ́ fipá gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ náà. Pásítọ̀ á wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, á máa wo ojú aya òkú, á sì máa wo ojú ẹni tó pa á, wọ́n jọ ń kọ orin kan náà. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í yára gbé e kúrò níbẹ̀. Ìdáríjì lè dé, ẹ̀wọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ dé. Ìwé tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti rẹ́ ìdílé òkú jẹ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú ọ̀daràn, orí kan ṣì máa ń kù, ọjọ́ Ìsinmi ló sì sábà máa ń jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, ìjókòó tó yí wọn ká ṣófo. Ohun tí òǹkàwé ń wò títí dé ìlà ìkẹyìn ni ẹni tó máa dìde lọ jókòó tì wọ́n.