Cadre logique: àtẹ alápòótí mẹ́rìndínlógún tí owó ìrànlọ́wọ́ ń gbà kọjá

Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan bá kúrò ní abúlé rẹ̀ lápá Kétu ní ilẹ̀ Benin, tó ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, yálà ní méérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ni o, yálà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé owó wá láti òkè òkun, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń bi í pé: "Cadre logique yín dà?" Mo ti rí àgbà àgbẹ̀, ẹni tó lè wo ojú ọ̀run kó sọ ọjọ́ tó yẹ ká gbin àgbàdo, tí ọ̀rọ̀ Faransé méjì yìí sọ di ọmọdé níwájú akọ̀wé kékeré kan. Ó dùn mí, ni mo fi jókòó kọ èyí.

Àtẹ ni cadre logique. Kì í ṣe àtẹ tí wọ́n ń pa ata lé lọ́jà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn jọra: kí ẹni tó wá ná ọjà lè rí ohun tó wà ńlẹ̀ láìtú àpò ẹnikẹ́ni. Ojú ìwé kan ni, ìlà mẹ́rin ní ìbú, òpó mẹ́rin ní òòró, àpótí mẹ́rìndínlógún.

Ọdún 1969 ni Leon Rosenberg àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e kalẹ̀ fún USAID, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè títí di 2025. Owó ń jáde nígbà náà, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá béèrè pé kí ni pùròjẹ́ kan fẹ́ ṣe gan-an, ẹni mẹ́ta á sọ ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún 1980, àwọn ará Jámánì mú un, wọ́n fi tiwọn kún un: kí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ìṣòro wọn sórí káàdì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tó di 1992, àjọ Yúróòpù náà gbà á wọlé. Bó ṣe rìn dé ilé wa nìyẹn.

Ìsàlẹ̀ la ti ń kà á lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká fi gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn obìnrin kan ń fọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀rọ. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni iṣẹ́ tí a ó ṣe: ká ra ẹ̀rọ, ká kọ́ ibi tó máa wà, ká kọ́ èèyàn méjì ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìlà tó wà lókè rẹ̀ ni ohun tí iṣẹ́ náà bí: ẹ̀rọ wà, ó ń dún, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà nídìí rẹ̀. Lókè ìyẹn ni ohun tí a torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ: obìnrin ń yan gàrí tó pọ̀ ju tàná lọ, èrè sì ń kù sí i lọ́wọ́. Ìlà òkè téńté ni ìlépa ńlá, pé ìṣẹ́ dín kù nílé wọn.

Ìlà kejì àti ìkẹta ni wọ́n máa ń pò pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tó wà kò tíì jẹ́ èrè tó wọlé. Ẹ rìn ká igbèríko wa, ẹ ó rí pátákó pùròjẹ́ tó ṣì ń dán níwájú ilé tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹni tó kọ́ ọ ti kọ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ṣàṣeyọrí, kò sì parọ́, nítorí ilé ló ní òun máa kọ́.

Òpó kìíní ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ bọ̀ yìí. Òpó kejì ni àmì tí a ó fi mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀: ẹ má kọ "gàrí á pọ̀ sí i", ẹ kọ iye àpò lọ́sẹ̀, iye obìnrin, ọjọ́ tó máa dà bẹ́ẹ̀. Òpó kẹta ni ibi tí ẹ̀rí wà. Ìwé ìkọ̀wé tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ń kọ iye agbọ̀n sí tó fún ìyẹn.

Ní ti owó, ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wà. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ ohun èlò àti iye tó máa ná wa. Bí iṣẹ́ kan kò bá sí níbẹ̀, ẹ má retí owó rẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ kọ ohun tí abúlé fúnra rẹ̀ mú wá sí: ilẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda, iyanrìn tí wọ́n kó, omi tí wọ́n pọn. Ẹ fi iye sí gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń tijú láti fowó sí òógùn ara wọn, ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ á sì rò pé ọwọ́ lásán ni wọ́n nà.

Òpó kẹrin ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Hypothèses ni Faransé ń pè é. Èmi ń pè é ní ohun tí kò sí níkàáwọ́ wa. Wọ́n máa ń fi í sí ìgbẹ̀yìn, nígbà tí oorun ti ń kùn wọ́n, wọ́n á wá kọ "òjò á rọ̀ dáadáa" sí i, ó parí. Bẹ́ẹ̀ òun ló so ìlà kan mọ́ èkejì: bí a bá ṣe iṣẹ́ yìí, tí ohun tí kò sí níkàáwọ́ wa sì rí bí a ṣe rò, ìgbà náà ni a tó lè gun ìlà tó kàn.

Ní 2022, èmi ni akọ̀wé fún irú ẹgbẹ́ obìnrin bẹ́ẹ̀. A dé òpó kẹrin, mo kọ "ẹsáǹsì á wà", ìyẹn epo bẹntiróòlù tí ẹ̀rọ ń lò. Ìyá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Akọ̀wé, wíwà kọ́. Èèló ni wọ́n á máa tà á?" A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ dé. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ tó wà lórí epo, owó kpayo, ẹsáǹsì tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, fò sókè lójijì. Owó tí wọ́n ń gbà lórí agbọ̀n kan kò ra epo tó máa rin agbọ̀n náà mọ́. Ẹ̀rọ dákẹ́, páànù oníhò padà sórí itan.

Ohun tí ó yẹ kí n ṣe rèé. Bí ohun tó wà ní òpó kẹrin bá dà bí ẹni pé ó máa rí bí a ṣe rò, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ń mì, a ó gbé e kúrò ní òpó kẹrin sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀, kó di iṣẹ́ tí a ó ṣe nǹkan sí. Bí a bá sì rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé, tí kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, ká fi pùròjẹ́ náà sílẹ̀ kí owó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé pé gàrí òun á máa gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà, ẹ rán an létí oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí wọ́n ti ẹnubodè pa, tó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Nígbà tí a tún àtẹ wa kọ, mo gbé e lọ ka fún wọn ní èdè wa nídìí ẹ̀rọ. Ìyá yẹn ló sọ ohun tí mo kọ sí ìlà ìsàlẹ̀: iye tí a ó máa gbà lórí agbọ̀n kan á máa tẹ̀ lé iye ìgò ẹsáǹsì kan, gbogbo ọjọ́ ọjà ni a ó máa wò ó.