“Ẹjọ́ ti di ti ìjọba, kò kàn ọ́ mọ́”: ṣé òótọ́ ni?

Ká ní wọ́n lu ìyá kan tó ń ta àdìrẹ l'Ọ́jà Ọba, Òṣogbo, ní jìbìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. EFCC mú ọmọ tó ṣe é, wọ́n sì gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà nílùú wa níbí. Ohun tí àwọn ará ọjà máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé: “Ẹjọ́ ti di ti ìjọba. Jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bá olè dúnàádúrà, wọn ò ní bi ọ́.” Ọ̀pọ̀ ló gba èyí gbọ́, títí kan àwọn tó kàwé. Ó ń dùn mí, torí àsìkò tí òfin ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ yìí ń pa á lẹ́nu mọ́.

Mo mọ ibi tó ti wá. Orúkọ ìyá aláàdìrẹ kì í sí lórí ìwé ẹ̀sùn bí ẹni tó pẹjọ́. Ìjọba Àpapọ̀ ló pẹjọ́, ẹlẹ́rìí ni ìyá. Àwọn ẹjọ́ ńláńlá tí a gbọ́ nínú rédíò tún dá kún un. Lọ́dún 2005, Tafa Balogun, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó ti jẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá rí, gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni wọ́n fún un. Lọ́dún 2010, oṣù 6 náà ni Cecilia Ibru tó ṣe olórí Oceanic Bank gbà. Aráàlú wò ó, wọ́n ní nǹkan àwọn ńlá ni, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni òfin àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACJA, tó ń darí bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe ń lọ, dé, abala 270 rẹ̀ sì to bí ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní plea bargain ṣe gbọ́dọ̀ lọ. Kì í ṣe bí ìgbà tí ẹbí olè kó àgbààgbà wá dọ̀bálẹ̀ sílé ẹni pé ká fọwọ́ wọ́nú. Nínú plea bargain, olùjẹ́jọ́ gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn náà, tàbí èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, kí ìjìyà rẹ̀ lè dínkù. Ọ̀daràn ṣì ni lójú òfin.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, abala náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí agbẹjọ́rò ìjọba tó wọ irú àdéhùn yìí kí wọ́n tó bi olùjẹ́jọ́ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọlọ́pàá tó wádìí ẹjọ́ náà sọ̀rọ̀, kó sì bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ fún un láàyè láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó wà nínú àdéhùn, àti lórí bóyá owó gbà-máà-bínú tàbí ìdápadà ohun tó sọnù yóò wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá pín sí méjì rèé. Ní ìpele yìí, ìmọ̀ràn ni òfin ní kí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, kò ní kí wọ́n gba àṣẹ. Ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́, kí agbẹjọ́rò ṣì tẹ̀ síwájú nítorí ire ìlú. Àmọ́ tí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ìjọba ti ń pe ẹlẹ́rìí tàbí tó ti pè wọ́n tán, tí olùjẹ́jọ́ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ àwíjàre, ọ̀rọ̀ yí padà: òfin sọ pé pẹ̀lú ìfọwọ́sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Àwọn tó ń sọ pé a ò lẹ́nu rárá ṣìnà, àwọn tó sì rò pé ọwọ́ àwọn ni ẹjọ́ wà pátápátá náà ṣìnà.

Ohun kan wà nínú òfin yìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Adájọ́ kì í bá wọn jókòó síbi dúnàádúrà náà. Nígbà tí wọ́n bá gbé àdéhùn dé iwájú rẹ̀, olùjẹ́jọ́ ni òfin ní kó bi léèrè: ṣé lóòótọ́ lo ṣe é, ṣé wọn ò fipá mú ọ? Ó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ìyá aláàdìrẹ náà bóyá ẹnikẹ́ni pè é. Bí ìdájọ́ bá sì ti wáyé lórí àdéhùn náà, ó ti parí nìyẹn, kò sí ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àyàfi tí ẹ̀sùn èrú bá wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, kí àdéhùn tó dé kóòtù ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀. Ẹ fún agbẹjọ́rò ní nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé, ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín nìkan. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ kọ iye tó lọ, ẹ so ìwé báńkì àti rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Bí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ni ẹjọ́ wà, Ọ̀ṣun ní òfin tirẹ̀ tó ṣe lọ́dún 2018. Ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ ti lọ béèrè. Ẹ bi wọ́n tààrà: “Ṣé àdéhùn kankan wà nílẹ̀? Ṣé owó mi wà nínú rẹ̀?”