Seeta Aur Geeta (fíìmù ọdún 1972)

Seeta Aur Geeta, ìyẹn Seeta àti Geeta, jẹ́ fíìmù apanilẹ́rìn-ín lédè Hindi tó jáde ní Índíà lọ́dún 1972. Ramesh Sippy ló darí ẹ̀, bàbá ẹ̀, G. P. Sippy, ló gbé e jáde, Salim Khan àti Javed Akhtar tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Salim-Javed ló kọ ọ́. Hema Malini ló ṣe Seeta, òun náà ló tún ṣe Geeta. Dharmendra ṣe Raka, Sanjeev Kumar ṣe Ravi tó jẹ́ dókítà.

Ìtàn inú ẹ̀

Ìbejì làwọn méjèèjì àmọ́ àtìkókó ni wọ́n ti yà wọ́n. Seeta dàgbà sílé olówó, àwọn òbí ẹ̀ kú, ló bá bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó àbúrò bàbá ẹ̀ (Manorama ló ṣe é, ojú obìnrin yẹn nìkan tó ẹ̀rín), owó ogún ọmọ yìí ni wọ́n ń jẹ síbẹ̀ òun ni wọ́n sọ di ọmọ ọ̀dọ̀. Geeta ní tiẹ̀, ìta ló ti ń jẹun, òun àti Raka jọ ń rìn lórí okùn káwọn èèyàn lè ju owó sí wọn, ẹnu ẹ̀ sì mú bí abẹ. Ìgbà tí Seeta sá nílé, Geeta ni wọ́n rí mú, wọ́n rò pé òun ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ní tèṣàn ọlọ́pàá ó gun orí fáànù òkè àjà lọ jókòó, nígbà tó sì dé ilé, bẹ́líìtì ló fi kọ́ Ranjit tó máa ń na Seeta lọ́gbọ́n.

Bí ojú kan ṣe di méjì

Kò sí kọ̀ǹpútà nídìí eré nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á de kámẹ́rà mọ́lẹ̀ kó má mì rárá, wọ́n á bo ìlàjì ojú ẹ̀, òṣèré á ṣe ti ẹni àkọ́kọ́, wọ́n á wá ká fíìmù inú ẹ̀ padà sẹ́yìn, wọ́n á bo ìlàjì kejì, òṣèré á lọ pààrọ̀ aṣọ, á wá máa bá atẹ́gùn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èèyàn dúró níwájú òun. Tó bá fi ọwọ́ kọjá àárín báyìí, ọwọ́ yẹn á pòórá. Ìdí nìyí tí ìlà tó pín ìlàjì méjèèjì fi sábà máa ń bọ́ sí etí ilẹ̀kùn tàbí ara òpó. Ọ̀nà kejì rọrùn: wọ́n á wá ẹlòmíì tó jọ ọ́ nídùúró, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan la máa rí. K. Vaikunth tó ya fíìmù yìí gba àmì-ẹ̀yẹ Filmfare fún iṣẹ́ kámẹ́rà, Hema Malini náà gba ti òṣèrébìnrin tó dáa jù, ó sì jọ pé bó ṣe ń tẹ ejìká ba fún Seeta tó sì ń gbé e sókè fún Geeta ṣiṣẹ́ ju aṣọ lọ.

Orin

R. D. Burman ló ṣe orin, Anand Bakshi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Èyí tó lókìkí jù ni "Hawa Ke Saath Saath", wọ́n wọ bàtà tó ní táyà lábẹ́ nínú ẹ̀.

Ṣáájú ẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀

Dilip Kumar ti ṣe irú ẹ̀ nínú Ram Aur Shyam lọ́dún 1967, ọkùnrin ni ìbejì tibẹ̀. Wọ́n tún Seeta Aur Geeta ṣe lédè Telugu (Ganga Manga, 1973) àti Tamil (Vani Rani, 1974), Vanisri ló ṣe ìbejì nínú méjèèjì. Chaalbaaz ti ọdún 1989 náà, ìtàn yìí ló gbé, Sridevi tó ṣe é sì gba Filmfare bíi ti Hema Malini.