Pa Ìwé Dé Kí O Tó Ní O Mọ̀ Ọ́n

"Ó ń kàwé o. Kódà, òru ló fi ń kà á, èsì rẹ̀ ni kò dáa." Kò sí tọ́ọ̀mù tí àwa agbaninímọ̀ràn nílé ẹ̀kọ́ girama kì í gbọ́ ọ lẹ́nu òbí. Wọn ò sì purọ́. Ọmọ ń kàwé lóòótọ́. Bó ṣe ń kà á ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wo ọmọ SS2 tó fẹ́ ka nóòtù Báyọ́lọ́jì. Yóò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá jọ ọ́ lójú, yóò tún un kà. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí gbólóhùn tó ṣàjèjì sí i níbẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ á wá balẹ̀ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ojú ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó pa ìwé dé, kó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ó rí i tí yóò máa wo àjà.

Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọnìyàn méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n ní kí àwọn yòókù gbé e sílẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mókè. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó fúnra wọn wá a jáde látinú orí ló rántí jù. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ wa jẹ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá kàwé mọ́jú, tí tẹ́ẹ̀sì sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lè yege, wọ́n á sì gbà pé ọ̀nà tó dáa nìyẹn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni WAEC máa ń béèrè.

Nítorí náà, mú bébà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Pa nóòtù dé. Ya ọkàn pẹ̀lú yàrá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ orúkọ òpó ẹ̀jẹ̀ tí o bá rántí, fa ọfà síbi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ìgbà tí ó bá tán lórí rẹ ni kí o ṣí ìwé, kí o fi bírò pupa kọ ohun tí o fò àti ohun tí o ṣì. Ibi tó pupa yẹn ni iṣẹ́ rẹ wà. Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá tún jókòó, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má tún lọ máa ka èyí tí o ti mọ̀ nítorí pé ó dùn ún kà.

Mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé kò ní rọrùn. Àwọn kan máa ń padà wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé àwọn ti wá ń gbàgbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rárá o, wọ́n ti ń gbàgbé tẹ́lẹ̀, wọn ò kàn mọ̀ ni. Ìṣirò ló burú jù níbi ká tan ara ẹni: ọ̀pọ̀ ọmọ ń ka àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ti ṣe bí ẹni ń wo fíìmù. Ẹ bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí ẹ ṣe é fúnra yín.

Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó fi ara rẹ̀ dán nǹkan wò, ti tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1885 pé kété lẹ́yìn tí a bá kọ́ nǹkan la máa ń gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti pé àkọ́túnkọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a wọ́ jọ sójú kan. Wákàtí kan ní Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Sátidé dára ju wákàtí mẹ́ta gbáko ní Sọ́ńdè. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà lè ṣe ìyẹn. Kò dìgbà tí iná bá wà ní gbogbo òru. Àwọn onímọ̀ nípa oorun sì sọ pé wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ ní ọ̀sán, nítorí náà TDB, ìyẹn kíkàwé mọ́jú, kì í ṣe ohun à ń fi yangàn. Fóònù ńkọ́? Yàrá mìíràn ni kó wà.

Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá dára gan-an, bí wọn ò bá ti há lẹ́tà ìdáhùn sórí. UTME, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, 60 lára rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Aago gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bá ń fi í dánra wò.

Ní ti èkìsípò, ìyẹn ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, mi ò gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo ẹni tó ń rà á. Ẹ̀rù ló ń ba púpọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé nǹkan kò sí lórí, ẹni tó bá sì ti kan ògiri kì í yan dáadáa. Ẹni tó ti ń fi bírò pupa bá ara rẹ̀ sọ òótọ́ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò ní dé ibẹ̀. Òbí tó ń sanwó mírákù sẹ́ńtà, ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe màgòmágó, ni mi ò ní àforíjì fún. Òfin ọdún 1999 ka màgòmágó ìdánwò sí ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà, WAEC sì lè fagi lé gbogbo èsì ọmọ náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé "Ṣé o ti kàwé?" Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ gba nóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ ní kó kọ́ yín ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè ṣe èyí. Bó bá dákẹ́ láàárín, ẹ má bú u. Ẹ ní kó ṣí i wo, kó tún un sọ.