Ìgbà Wo Gan-an Ni Onígbàgbọ́ Ń Jẹ́rìí?

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló gbà pé ìjẹ́rìí jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní àkókò tirẹ̀. Ó lè jẹ́ òwúrọ̀ Àbámẹ́ta tí ìjọ máa ń jáde lọ pín ìwé ìléwọ́, ó sì lè jẹ́ ìdájí tí ẹnì kan bá gbé gbohùngbohùn kọ́ èjìká, tí ó ń ké pe àwọn ará àdúgbò láti ojúlé dé ojúlé pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Bí àkókò yìí bá ti kọjá, wọ́n a máa ka bí ènìyàn ṣe ń tajà, bí ó ṣe ń san gbèsè àti bí ó ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lò sí ọ̀rọ̀ tí kò kan ìjẹ́rìí rárá. Ìgbàgbọ́ òdì ni. Ẹni tí kò sí nínú ìjọ kì í tìtorí pé ìwàásù ti parí kí ó dẹ́kun wíwo oníwàásù.

Lẹ́tà Pétérù Kìn-ín-ní lọ sọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n fọ́n káàkiri Póńtù, Gálátíà, Kapadókíà, Éṣíà àti Bítíníà, àwọn ìgbèríko tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní. Ní orí kejì, ẹsẹ kejìlá, ó rọ̀ wọ́n pé kí ìwà wọn dára láàárín àwọn Kèfèrí, kí àwọn tí ń pè wọ́n ní aṣebi lè tipa iṣẹ́ rere tí wọ́n fojú ara wọn rí yin Ọlọ́run lógo. Inú mi máa ń dùn sí i pé lẹ́tà méjì mìíràn wà nípa àwọn agbègbè yìí kan náà, tí ó sì jẹ́ pé àwọn tí kò fẹ́ràn ìjọ ni a gbà pé ó kọ wọ́n.

Pliny, tí ó jẹ́ gómìnà Bítíníà àti Póńtù, ni ó kọ ti àkọ́kọ́ sí Trajan, olú-ọba Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 112. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ onígbàgbọ́: ó pàṣẹ kí a pa àwọn tí ó kọ̀ láti sẹ́ Kristi, ó sì fi ìyà jẹ ẹrúbìnrin méjì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ díákónì kí ó lè fa òótọ́ jáde lẹ́nu wọn. Àwọn kan tí wọ́n ti kúrò nínú ẹ̀sìn náà sọ fún un pé gbogbo ohun tí àwọn ń ṣe kò ju pé kí àwọn pàdé kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ kan pàtó, kí àwọn kọrin sí Kristi bí ẹni ń kọrin sí ọlọ́run kan, kí àwọn sì búra pé àwọn kò ní jalè, àwọn kò ní dánà, àwọn kò ní ṣe panṣágà, àwọn kò ní yẹ àdéhùn, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ohun ìní rẹ̀ pa mọ́ sí àwọn lọ́wọ́, àwọn kò ní sẹ́ ẹ nígbà tí ó bá wá gbà á. Ẹ kíyè sí èyí tí ó kẹ́yìn yẹn. Ìsìn ìdájí ni wọ́n ti ń búra nípa ohun tí ẹlòmíràn fi sí ìkáwọ́ wọn. Ọlọ́jà tí ó ń dá owó ojoojúmọ́ fún alájọ mọ bí ìbúra bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó. Pliny pe ẹ̀sìn náà ní ìgbàgbọ́ asán, síbẹ̀ kò rí ìwà ọ̀daràn kankan tí yóò ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀.

Lẹ́tà kejì wà lára àwọn tí a tọ́jú sábẹ́ orúkọ Julian, olú-ọba tí a tọ́ dàgbà gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́ ṣùgbọ́n tí ó padà sídìí àwọn òrìṣà ilẹ̀ Róòmù, tí ó sì jọba láti 361 sí 363. Arsacius, olórí àwọn àwòrò ní Gálátíà, ni ó kọ ọ́ sí. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé àánú tí àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe fún àjèjì, ìtọ́jú tí wọ́n ń fún sàréè òkú, àti ìwà mímọ́ tí ó ní wọ́n ń díbọ́n rẹ̀, ni ó ń mú ẹ̀sìn wọn gbilẹ̀. Ó sì jẹ́ ìtìjú lójú rẹ̀ pé wọ́n ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà mọ́ ọn. Ó wá pàṣẹ pé kí a máa fún Gálátíà ní 30,000 òṣùwọ̀n ọkà lọ́dọọdún, kí ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ ti àwọn tálákà tí ń ran àwọn àwòrò lọ́wọ́, kí ìyókù sì jẹ́ ti àjèjì àti alágbe. Kò sọ pé kí àwọn àwòrò lọ kọ́ bí a ṣe ń wàásù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí kò ka Bíbélì rí kò lè yẹ ohun tí onígbàgbọ́ sọ nípa àgbélébùú wò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ bí wọ́n bá lu ìdí kóńgò tí wọ́n fi wọn gààrí fún un wọnú, ó sì mọ oṣù mélòó ni ọ̀gá òun ti jẹ òun lówó.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rí náà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú ìhìnrere wá sí Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1840 jẹ́ Sàró, àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, wà lára wọn. Síbẹ̀, kò pẹ́ púpọ̀ tí a fi rí onígbàgbọ́, títí kan òṣìṣẹ́ ìjọ, tí ó ní ẹrú tirẹ̀. Nígbà tí àlùfáà James Johnson ń ṣe alábòójútó iṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1870, ó gbógun ti àṣà yìí, awuyewuye náà sì le débi pé wọ́n gbé e kúrò ní 1880. Àwọn tí ó ní ẹrú ń wí àwíjàre pé àṣà ìlú ni, pé ẹrú inú ilé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹrú tí wọ́n ń kó kọjá òkun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lójú olówó ẹrú. Ẹrú tí ó gbọ́ nínú ìjọ pé Kristi ń dá òǹdè sílẹ̀, tí ó sì tẹ̀lé olówó rẹ̀ lọ sóko lọ́jọ́ kejì, ti gbọ́ ìwàásù méjì.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ ìjẹ́rìí fúnra rẹ̀ ni ó máa ń di ẹ̀sùn. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé ìjọsìn 70 àti mọ́sálásí 20 pa nítorí ariwo. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò rí oorun sùn kò ní gbọ́ ìhìnrere nínú ẹ̀rọ tí ń pariwo mọ́jú.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìgbàlà kì í ṣe nípa iṣẹ́. Òótọ́ ni, Éfésù orí kejì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹwàá nínú orí kan náà sọ pé a dá wa fún iṣẹ́ rere. Ohun tí ń gba ènìyàn là jẹ́ ìbéèrè kan. Ohun tí aládùúgbò ń rí jẹ́ òmíràn. Àwọn mìíràn sì gba òdì kejì lọ, wọ́n ní Francis ti Assisi, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn arákùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan sílẹ̀, sọ pé kí a máa wàásù nígbà gbogbo, kí a lo ọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá pọn dandan. Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ohunkóhun tí ó kọ, oníwàásù tí kì í sinmi sì ni òun fúnra rẹ̀. Ohun tí ó súnmọ́ ọn jù wà nínú òfin tí ó ṣe fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní 1221, níbi tí ó ti sọ pé kí gbogbo wọn máa fi iṣẹ́ wọn wàásù. Kò fi èyí dí ẹnu oníwàásù, nítorí pé inú orí tí ó ṣètò bí wọn yóò ṣe máa wàásù gan-an ni gbólóhùn náà wà.

Ẹni tí ó ti ba ìjẹ́rìí tirẹ̀ jẹ́ ńkọ́, bóyá tí ó kó owó àjọ jẹ, tàbí tí ó ta ilẹ̀ kan fún ènìyàn méjì? Ìjáde Àbámẹ́ta kò lè bo èyí mọ́lẹ̀, àwọn tí ó jẹ lówó ni yóò sì pàdé lójú ọ̀nà. Nígbà tí Jésù wọ ilé Sákéù, àwọn ènìyàn Jẹ́ríkò kùn, nítorí pé wọ́n mọ agbowó-orí náà dáadáa. Sákéù dìde, ó ní òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún tálákà, àti pé ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ yóò gba owó rẹ̀ padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lójú àwọn tí ó ń kùn.