Òkè, Odò àti Òjò: Ìmọ̀ràn fún Ẹbí Tó Fẹ́ Rìnrìn Àjò Nínú Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Nígbà tí sáà kẹta bá ń parí lọ ní iléèwé, àwọn òbí máa ń bi mí ibi tí wọ́n lè kó ọmọ lọ kí wọ́n má baà lo gbogbo ìsinmi níwájú tẹlifíṣọ̀n. Èsì kan náà ni mo máa ń fún wọn: ẹ kó wọn lọ gun òkè, ẹ sì kó wọn lọ sí etí odò, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ afinimọ̀nà lórí òkè ni iṣẹ́ mi, kò sì yẹ kí n sọ èyí láìfi kún un pé àárín òjò ni ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ máa ń bọ́ sí. Òjò ló yẹ kó pinnu ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ibi tí ẹ máa gùn dé àti aago tí ẹ máa yí padà.

Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, òjò máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, ó sì sábà máa ń dẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó bá dẹ̀ yìí ni mo máa ń yàn fún ẹbí tó ní ọmọ kékeré. Síbẹ̀, bí òjò tilẹ̀ dẹ̀, ilẹ̀ ṣì máa ń rin, odò ṣì máa ń kún, àpáta tí oòrùn kò bá dé ara rẹ̀ ṣì máa ń yọ̀ títí di ọ̀sán. Nítorí pé ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò tó ní àrá sábà máa ń rọ̀, mo máa ń fẹ́ kí ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní aago méje àárọ̀, kí wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí aago kan tó lù. Inú ilé ni kí ẹ ti fẹnu kò lórí aago ìpadà yìí, kí àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ, nítorí pé orí òkè, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń fẹ́ dé ṣóńṣó, kì í ṣe ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.

Ẹbí tí kò bá tíì gun òkè rí, Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo máa ń ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n mọ sára òkè náà, pẹ̀lú ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà, kí ènìyàn tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni ibẹ̀ ti wà nínú àkọsílẹ̀ tí Nàìjíríà fi síwájú àjọ UNESCO pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá àgbáyé. Ọmọ tó bá gòkè débẹ̀ máa ń ní ìbéèrè púpọ̀: báwo ni wọ́n ṣe ń pọn omi, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé òkú àgbà, ta ló ń gbé iyán wá fún ọba? Ẹ jẹ́ kí ará ìlú tó mọ ìtàn náà dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ọmọ tó kéré jù ni kó máa ṣáájú nínú ìrìn, kí gbogbo ẹbí sì máa fi ìṣísẹ̀ rẹ̀ rìn. Ẹ jókòó ní gbogbo ibi ìsinmi márààrún, ì báà má rẹ ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù mu omi díẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹhẹlẹ, ó ti yára jù. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ máa wà ní ìsàlẹ̀ ọmọ nígbà gbogbo: ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gòkè, iwájú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí gan-an ni ènìyàn púpọ̀ ti máa ń ṣubú, nítorí pé ìgbà náà ni orúnkún ti rẹ̀, tí ọkàn sì ti lọ sídìí oúnjẹ. Ẹ ní kí ọmọ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó má fi gìgísẹ̀ nìkan balẹ̀. Bàtà kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà jíjìn dára. Sálúbàtà tí a fi ń wọ ilé ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ àrá lórí òkè, kódà kó jẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ìrìn ọjọ́ náà ti parí. Àpáta gbalasa tí kò ní igi kò ní ibi ìsádi, igi tó dá dúró sì léwu ju ibi gbalasa lọ. Inú ilé gidi tàbí inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Ìtàkìtì omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, nítòsí ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, le ju Ìdànrè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé ó rọrùn nítorí pé ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ìpele méje ni omi náà ní. Láti ìpele kejì lọ sókè, ènìyàn á máa fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi àti òkúta mú. Ní àsìkò òjò, èrò tèmi ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá má ṣe kọjá ìpele àkọ́kọ́. Omi tó wà níbẹ̀ tó wọn.

Ohun tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ nípa Olúmirin ni pé omi rẹ̀ ń wá láti orí òkè tó lọ sí ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òjò lè rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn ní Ẹ̀rìn, kí omi sì dé bá àwọn tó ń wẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ láti ojú ọ̀run. Omi fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀. Ẹ yan òkúta kan létí omi kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, kí àgbàlagbà kan tí kì í wẹ̀ máa wo ibi tí omi dé lára òkúta náà. Bí omi tó mọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ ń bá a bọ̀, tàbí tí ariwo rẹ̀ yí padà, kí gbogbo ènìyàn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì gun ibi gíga. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró mú aṣọ. Omi tó ń ṣàn kíkankíkan tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Ọmọ tó bá ń rì kì í sábà kígbe, nítorí pé kò rí èémí tí yóò fi kígbe. Orí rẹ̀ á kàn máa rì, á sì máa yọ, ní ìdákẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kékeré wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, kí fóònù sì wà nínú àpò. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá kan dání, òfìfo, tí a dé pinpin, tí a so okùn gígùn mọ́ létí. Ẹ sọ ọ́ sí ẹni tó wà nínú ewu kó dì í mú. Ẹ má bẹ́ sínú omi lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ kò bá jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìwẹ̀. Bí ọmọ tí a gbé jáde kò bá mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ń pe 112.

Ọmọ tó bá jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, lè bá ẹbí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi tútù, àárẹ̀ àti òùngbẹ wà lára ohun tó máa ń ta ìrora egungun rẹ̀ jí. Ẹ jẹ́ kó mu omi léraléra, kó má wọ inú omi Olúmirin ju kí ó fi ẹsẹ̀ kàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíá. Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ló bá a mu jù. Kí dókítà rẹ̀ mọ̀ sí ìrìn àjò náà.

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO sọ di ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, kì í ṣe ibi ìwẹ̀ fún ọmọdé. Wọn kì í pẹja níbẹ̀, wọn kì í sì í dẹgbó. Ẹ rìn ín wò pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má sì mu omi odò náà, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ nítorí ìwakùsà góòlù.

Ẹbí tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, bí àwọn tó ń lọ wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n má wọ ọkọ̀ tó kún àkúnjù, kí wọ́n má sì rìn lálẹ́. Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó gbọ́dọ̀ bá ọmọ mu: ẹ dè é, kí ẹ sì fà á sókè ní èjìká. Bó bá gòkè dé etí ọmọ, ó tóbi jù fún un, ẹ béèrè èyí tó kéré sí i.

Omi tó dúró tàbí tó ń rọra ṣàn láàárín koríko ló yẹ kí ẹ sá fún nítorí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, nítorí pé ìgbín kékeré inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń tú kòkòrò rẹ̀ jáde, tí kòkòrò náà á sì gba awọ ara wọlé láìsí egbò kankan. Àmì rẹ̀ lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù díẹ̀ kó tó hàn. Bí ọmọ bá ní ibà lẹ́yìn ìrìn àjò, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ orúkọ odò tó wẹ̀ àti ọjọ́ tó wẹ̀ ẹ́ fún dókítà, nítorí pé àyẹ̀wò ibà lásán kò lè fi àrùn náà hàn, oògùn ibà kò sì lè wò ó.